Tírélà Tí Kò Lè Gun Òkè Ẹ̀fọ̀n Mọ́

Àpò sìmẹ́ǹtì 600 ló wà lẹ́yìn tírélà náà nígbà tó wọ ọgbà iṣẹ́ wa lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Kílò 50 ni àpò kọ̀ọ̀kan, tọ́ọ̀nù 30 ni ẹrù nìkan, a ò tíì ka ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ewékorò ló ti gbé e, Adó-Èkìtì ló ń lọ. Awakọ̀ rẹ̀, bàbá kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kò pa ẹ́ńjìnnì kó tó bọ́ sílẹ̀. Ó ní kí n kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ ná.

"Ẹnjiníà, ẹ bá mi wo mọ́tò yìí o. Jíà kẹrin ni mo fi ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, jíà kejì ni. Tí mo bá ní kí n tẹ̀ ẹ́ dáadáa, omi á gbóná, èéfín á bo gbogbo ojú ọ̀nà, màá tún ní láti dúró kó tutù."

Ẹni tó bá mọ ọ̀nà tó gba Erin-Ìjẹ̀ṣà lọ sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè mọ ohun tí bàbá yìí ń sọ. Òkè ga, ọ̀nà ń wọ́ bí ejò, ẹ̀gbẹ́ kan jẹ́ àpáta, ẹ̀gbẹ́ kejì jẹ́ ọ̀gbun. Ọkọ̀ tó gbé tọ́ọ̀nù 30 tó bá dákú níbẹ̀ lè yí padà sẹ́yìn lé àwọn tó ń tẹ̀ lé e lórí. Ẹ̀mí èèyàn wà nínú ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe ìrìn-àjò tó pẹ́ nìkan.

Mo ní kó ka gbogbo ohun tí wọ́n ti ṣe sí i fún mi. Ẹ́ńjìnnì sílíńdà mẹ́fà ni, ó ní tọ́bò tó ń fipá fẹ́ afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀, ó ní íńtàkúlà tó ń mú afẹ́fẹ́ náà tutù, pọ́ǹpù díísù rẹ̀ sì jẹ́ ti àtijọ́ tí kò ní kọ̀ǹpútà. Fílítà díísù àti ti afẹ́fẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀. Kò yàtọ̀. Wọ́n pààrọ̀ nọ́sù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó ń fọ́n díísù sínú sílíńdà. Kò yàtọ̀. Wọ́n pààrọ̀ pọ́ǹpù kékeré tó ń fa díísù wá láti inú táńkì. Ẹlòmíì wọn agbára tọ́bò, ó ní afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ kò tó, pé ó sì ti ń da ọ́ìlì, ni Alhája tó ni ọkọ̀ bá ra tòkunbọ̀. Díẹ̀ báyìí ló fi yàtọ̀. Ìkẹyìn gbogbo rẹ̀ ni pé ẹnì kan já èdìdì ara pọ́ǹpù ńlá, ó yí sukúrúù tó ń díwọ̀n díísù, ó ní òun "ṣí i fún un". Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó dé ọ̀dọ̀ mi nìyẹn.

Mo gbọ́ gbogbo èyí, ṣùgbọ́n mi ò tẹ́tí sí bó ṣe tò tẹ̀ léra wọn. Ohun tí mo rí ni mo gbà gbọ́. Ọmọ iṣẹ́ mi tẹ iná lẹ́ẹ̀kan, èéfín dúdú sì tú jáde bí ìgbà tí wọ́n dáná sun táyà. Ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ gbogbo wa nìyí: èéfín dúdú túmọ̀ sí pé díísù pọ̀ ju afẹ́fẹ́ tó máa jó o lọ. Kílò díísù kan ń fẹ́ nǹkan bíi kílò 14.5 afẹ́fẹ́ kó tó lè jó tán, lójú iṣẹ́ ó sì máa ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí afẹ́fẹ́ bá dín, díísù tí kò rí nǹkan bá jó á di ẹ̀ẹ́dú, á gba sàlẹ́ńsà jáde. Mo bá ní afẹ́fẹ́ ló ń jò níbì kan láàárín tọ́bò àti ẹ́ńjìnnì.

A dí ẹnu tọ́bò, a lọ yá kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fọkanáísà tó wà lójú títì, a fẹ́ afẹ́fẹ́ 15 psi (ìwọ̀n bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ̀ tó) wọ inú gbogbo ọ̀nà afẹ́fẹ́ náà, a sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun omi ọṣẹ sí i lára. Lóòótọ́, hóòsì kan nísàlẹ̀ íńtàkúlà ń yọ ìfófòó díẹ̀díẹ̀. Mo fún kílíìpù rẹ̀. Inú mi dùn. Mo tiẹ̀ ti sọ fún bàbá pé kó máa palẹ̀ mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà a gbé e jáde pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ lọ sí Àṣéjìrẹ́. Ọ̀nà máa ń dà sílẹ̀ lọ sí ibi odò Ọ̀ṣun níbẹ̀, téèyàn bá sì kọjá afárá, ó di dandan kó gun òkè. Bí a ṣe kọjú sí òkè náà ni ohun gbogbo padà bó ṣe wà. Èéfín dúdú, ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ ń fà lẹ́sẹ̀, abẹ́rẹ́ omi gbígbóná ń lọ sókè. Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí a dúró lókè. Mo yọ iná tọ́ọ̀ṣì kúrò lára ẹ́ńjìnnì láti wò ó nínú òkùnkùn: mánífóòdù sàlẹ́ńsà, irin tó ń kó èéfín jáde láti inú sílíńdà, pọ́n bí irin inú iná alágbẹ̀dẹ, bẹ̀rẹ̀ láti sílíńdà kẹrin dé ẹnu tọ́bò. Ẹ̀rù bà mí. Ooru báyẹn ló ń yọ́ orí písítìnì.

Ọjọ́ kejì ni ọ̀rọ̀ náà yí padà, kì í sì í ṣe sípánà ló yí i. Iwájú oníbúkà ni a wà, bàbá ń jẹ àmàlà. Mo bi í ní ìbéèrè tó yẹ kí n ti bi í lọ́jọ́ tó dé.

"Bàbá, ẹ gbàgbé ti òní. Ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ rẹ̀ ẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, àwọ̀ wo ni èéfín rẹ̀?"

Òkèlè dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Èéfín kẹ̀? Kò sí èéfín kankan nígbà yẹn, Ẹnjiníà. Mímọ́ ló mọ́. Ó kàn dà bí ẹni pé ẹnì kan di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú ni."

"Èéfín dúdú yìí ńkọ́?"

"Lẹ́yìn tí wọ́n yí sukúrúù ni."

Mo gbé oúnjẹ tèmi tì. Ohun tí mo ti ń lé láti àná kì í ṣe àìsàn ọkọ̀ yìí, egbòogi tí wọ́n fún un ló ń pa á. Àìsàn tòótọ́ ni ti àkọ́kọ́: ọkọ̀ tí kò lágbára, tí kò sì yọ èéfín. Ọkọ̀ tó bá rẹ̀ láìsí èéfín kò ní díísù tó pọ̀ jù. Díísù tó ń dé inú rẹ̀ ni kò tó. Ọ̀nà méjì yìí kò bára wọn tan rárá, mo sì ti fi ọjọ́ kan gbáko rin èyí tí kò tọ́.

A tún bẹ̀rẹ̀. Mo fi gééjì sí ibi tí díísù ti ń wọ pọ́ǹpù ńlá: ìtẹ̀ rẹ̀ dúró ṣinṣin, kò mì. Mo yọ hóòsì tó ń gbé díísù wá, mo fi èyí tó mọ́ gaara bíi gíláàsì dípò rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí a lè rí inú rẹ̀. Kò sí ẹyọ ìfófòó kan níbẹ̀, ìyẹn ni pé kò sí ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ díísù. Mo ṣí ìdérí táńkì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, mo ń retí kí n gbọ́ kó mí, torí ihò ìmí táńkì tó bá dí máa ń mú kí táńkì di díísù rẹ̀ mọ́nú. Kò mí. Ọmọ iṣẹ́ kan wọ inú ọkọ̀, ó tẹ iná dé ilẹ̀, èmi ń wo apá irin tó wà lára pọ́ǹpù: ó dé ibi tó yẹ kó dé.

Díísù ń dé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù, ẹsẹ̀ awakọ̀ náà ń dé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù. Pọ́ǹpù yìí ló kọ̀ tí kò fi jù sílẹ̀. Kí ló lè mú pọ́ǹpù tó yó kó ahun?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń rí lójoojúmọ́ tí a kì í bìkítà fún. Lẹ́yìn pọ́ǹpù irú èyí, lórí ibi tí gọ́fínọ̀ tó ń ṣàkóso eré ẹ́ńjìnnì wà, ìdérí irin roboto kan wà tí ó tóbi tó ìdérí agolo mílíìkì. Ìwé pọ́ǹpù Bosch ń pè é ní LDA. Awọ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ àti sípíríǹgì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀pá bàbà kékeré kan tí kò ju ìka kékeré ọmọdé lọ sì so ó mọ́ mánífóòdù afẹ́fẹ́, irin tó ń pín afẹ́fẹ́ tọ́bò sí àwọn sílíńdà. Nígbà tí tọ́bò bá ti fẹ́ afẹ́fẹ́ tó pọ̀, afẹ́fẹ́ yìí á gba inú ọ̀pá bàbà náà lọ tẹ awọ rọ́bà, awọ rọ́bà á sì gba pọ́ǹpù láyè láti fi díísù kún un. Tí afẹ́fẹ́ ò bá tíì pọ̀, kò ní gbà. Òun ni alárinà. Òun ló ń sọ fún pọ́ǹpù pé, "Afẹ́fẹ́ ti dé o, máa jù ú sílẹ̀." Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dènà èéfín dúdú nígbà tí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra.

Bí ọ̀pá bàbà yìí bá ya, pọ́ǹpù kò ní gbọ́ ìròyìn náà láé. Yóò máa díwọ̀n díísù bí ẹni pé kò sí tọ́bò lára ẹ́ńjìnnì náà. Ọkọ̀ á wá rẹ̀, èéfín rẹ̀ á mọ́, fílítà tuntun kò ní wò ó, nọ́sù tuntun kò ní wò ó.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tó ti tan ẹlòmíì jẹ ṣáájú mi. Èéfín gbígbóná tó ń jáde láti inú ẹ́ńjìnnì ló ń yí tọ́bò. Tí díísù bá dín, ooru á dín, tọ́bò kò ní yára, afẹ́fẹ́ rẹ̀ náà á sì kéré. Ẹni tó bá fi gééjì wọn tọ́bò nígbà yẹn á rí i pé kò fẹ́ tó, á sì dá a lẹ́bi, nígbà tó jẹ́ pé ebi ló ń pa á. Mi ò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé tọ́bò àtijọ́ yẹn dára, torí ó ń da ọ́ìlì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló di ọkọ̀ náà lẹ́sẹ̀.

Ẹnu àlàyé kò tó, mo fẹ́ rí i. Mo fi gééjì kan sí ara mánífóòdù, mo fi èkejì sí ìparí ọ̀pá bàbà níbi tó ti wọ ìdérí roboto yẹn, mo fi hóòsì gígùn fa méjèèjì wọ inú ọkọ̀, mo sì fi téèpù lẹ̀ wọ́n mọ́ iwájú mi. A tún gba Àṣéjìrẹ́ lọ. Ní àárín òkè, gééjì mánífóòdù ka 17 psi. Afẹ́fẹ́ ojú sánmọ̀ tó yí wa ká ń tẹ̀ wá ní 14.7, nítorí náà 17 lórí rẹ̀ ju ìlọ́po méjì lọ. Tọ́bò ń ṣiṣẹ́. Gééjì kejì, tó yẹ kó ka iye kan náà, dúró sí 4.

Bàbá wo èkíní, ó wo èkejì. "Ṣé ibi kan náà kọ́ ni wọ́n ti ń bọ̀ ni?"

"Ibi kan náà ni, Bàbá. Wọ́n jí i lọ́nà."

Nígbà tí a padà dé, mo da omi ọṣẹ sí ọ̀pá bàbà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lábẹ́ kílíìpù kan tó dì í mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, níbi tí ojú kò lè dé, ìfófòó ń hó jáde ní wúrúkú-wúrúkú. Mo tú kílíìpù náà. Rọ́bà tó yẹ kó wà láàárín irin àti bàbà ti jẹ dànù, ìgbọ̀n ẹ́ńjìnnì sì ti fi irin gé bàbà náà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ya, ìlà kan tí kò gùn ju èékánná lọ. Mo tún yọ bóòtì oníhò tó so ọ̀pá náà mọ́ mánífóòdù. Ihò inú rẹ̀, tí abẹ́rẹ́ ńlá yẹ kó lè gbà kọjá, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí pátápátá. Ọ́ìlì tí tọ́bò àtijọ́ ń dà ti pò mọ́ ẹ̀ẹ́dú, ó ti le bí ọ̀dà. Ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó bá sì ráyè gba ihò yẹn kọjá, ibi tó ya ló ń gbà sá lọ.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo ń fi omi ọṣẹ wá ibi tó ń jò, ọwọ́ mi ti kọjá níbi kílíìpù yìí. Gbogbo hóòsì ńláńlá ni mo kùn. Mi ò kun ọ̀pá yẹn nítorí pé ó kéré. Ó dùn mí gan-an.

Kí n tó rọ ọ̀pá tuntun, mo fi kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fọkanáísà fẹ́ 10 psi sínú ìdérí roboto, mo sì ti i pa. Abẹ́rẹ́ gééjì kò sọ̀ kalẹ̀, awọ rọ́bà inú rẹ̀ kò tíì ya. A tẹ ọ̀pá bàbà tuntun bó ṣe yẹ, a fi rọ́bà tó nípọn sábẹ́ kílíìpù, a gbẹ́ ihò bóòtì mọ́ tónítóní.

Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi fara balẹ̀ kà. A gbé ọkọ̀ náà jáde, ó sì fò. Ó gun òkè Àṣéjìrẹ́ pẹ̀lú tọ́ọ̀nù 30 bí ẹni pé òfìfo ni. Inú bàbá dùn débi pé ó ń na ọwọ́ sókè. "Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún fọwọ́ kàn án mọ́!" Alhája náà pè lórí fóònù, ó ní òun gbọ́ pé iṣẹ́ ti parí.

Iṣẹ́ kò parí. Sukúrúù tí wọ́n yí ṣì wà níbi tí wọ́n yí i dé. Wọ́n fi kún díísù láti dí àfo tí ọ̀pá tó ya fà. Ní báyìí tí ọ̀pá ti dára, pọ́ǹpù ń jù díísù tó yẹ kó jù sílẹ̀, ó sì ń jù èyí tí wọ́n fi kún un pẹ̀lú. Agbára tí bàbá ń gbádùn yẹn, orí písítìnì àti tọ́bò ló ń san owó rẹ̀. Mo sọ fún Alhája pé, "Ẹ má bínú, mà. Tí mo bá jẹ́ kó lọ báyìí, ẹ ó yìn mí lóṣù yìí, ẹ ó sì ra ẹ́ńjìnnì kó tó pẹ́." Ó dákẹ́ díẹ̀. Owó tó ti ná ti pọ̀, mo mọ̀ ọ́n lára. Lẹ́yìn náà ó ní kí n ṣe é bó ṣe yẹ.

Wọ́n wá já sìmẹ́ǹtì sórí ọkọ̀ mìíràn. A tú pọ́ǹpù, a gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀. Díísù tó ń jù sílẹ̀ ga ju iye tó wà nínú ìwé lọ dáadáa, kò sì dọ́gba láàárín sílíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Kẹrin àti ìkarùn-ún ló ń gbà jù, apá ibẹ̀ náà ni mánífóòdù ti pọ́n jù nínú òkùnkùn. Wọ́n dá a padà sí ìwọ̀n ìwé, wọ́n tún èdìdì rẹ̀ ṣe. Nígbà tí a dá a padà sára ẹ́ńjìnnì, a to táímù rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, a sì tún àlàfo fáàfù ṣe nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù.

Àpò kan wà lábẹ́ ìjókòó bàbá, tó kó àwọn nọ́sù àtijọ́ sí. Awakọ̀ àtijọ́ kì í sọ nǹkan nù. Mo fi ẹ̀rọ dán wọn wò, mẹ́rin nínú mẹ́fà ṣì ń fọ́n díísù bí ìrì, wọn kò kán tótó.

Ọjọ́ tó tún gbẹ́rù, ó pè mí láti òkè Ẹ̀fọ̀n. Jíà kẹrin ni. Kò fò bíi ti ọjọ́ Àṣéjìrẹ́ yẹn, òun náà sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ omi kò kúrò láàárín, èéfín sì tú díẹ̀ nígbà tó ń pààrọ̀ jíà, ó sì mọ́ padà. Díísù tó ń jẹ láti Ewékorò dé Adó sì ti padà sí iye tó mọ̀ ọ́n sí.

Láti ìgbà náà, kí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ mi tó gbé sípánà, ó gbọ́dọ̀ kọ ìtàn ọkọ̀ náà sínú ìwé bó ṣe tò tẹ̀ léra: kí ló kọ́kọ́ ṣe é, àwọ̀ wo ni èéfín rẹ̀ nígbà yẹn, kí ni wọ́n ṣe lẹ́yìn náà, kí ló yí padà. Ọkọ̀ tó bá rẹ̀ tí èéfín rẹ̀ mọ́, gééjì méjì la kọ́kọ́ máa ń fi sí i, ọ̀kan ní mánífóòdù, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀pá kékeré. Kò ju iṣẹ́ wákàtí kan lọ. Bí mo bá rí èdìdì pọ́ǹpù tó já, mo máa ń gbà pé èéfín tí mò ń rí lè jẹ́ ti ẹni tó já a, kì í ṣe ti ọkọ̀.

Àwọn tírélà tuntun tó ń lo kọ̀ǹpútà kò sì bọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀pá bàbà ni kò sí lára wọn. Sẹ́ńsọ̀ kékeré kan nínú mánífóòdù ló ń ṣe iṣẹ́ alárinà, ọ́ìlì àti ẹ̀ẹ́dú sì máa ń dí òun náà. Tó bá ti dí, ó lè máa ka afẹ́fẹ́ kéré sí bó ṣe wà, kọ̀ǹpútà á sì dín díísù kù. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n sanwó ńlá láti yí ètò inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ kó lè lágbára, tó sì jẹ́ pé sẹ́ńsọ̀ tó yẹ kí wọ́n yọ kí wọ́n fọ̀ ló fà á.

Ní ti tírélà bàbá, nǹkan kan ṣẹ́kù. Nígbà tí a ń dá pọ́ǹpù padà, mo rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára mánífóòdù sàlẹ́ńsà, láàárín sílíńdà kẹrin àti ìkarùn-ún, níbi tó pọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò tíì jò. Mo fi ṣọ́ọ̀kì funfun sàmì sí ìparí ìlà náà, mo sì kọ ọjọ́ oṣù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí bàbá bá ń kọjá lọ sí Adó, ó máa ń yà kí n wò ó bóyá ó ti kọjá àmì.